Ní Ẹ̀gbẹ́ Òsì

Nínú báàgì aṣọ ni wọ́n gbé e dé Otaru,
kò wúwo ju bàtà òjò mi méjèèjì lọ.
Òjò dídì ń rọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ń fọn fèrè ní èbúté.
Fumiyo ìyàwó mi ní, "Ọdún kan péré ni o.
Má jẹ̀ẹ́ kí ọkàn rẹ fà mọ́ ọn."
Òun gan-an ló kọ́kọ́ sùn tì í lórí ẹní.

Genmai la sọ ọ́,
ìrẹsì tí èèpo rẹ̀ kò tíì bọ́,
nítorí àwọ̀ rẹ̀, àti nítorí pé inú abọ́ ìrẹsì
la ti bá imú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.
Ó jẹ bàtà ọ̀tún mi. Ó fi òsì sílẹ̀.
Ó ń gbó mọ́ ẹja gbígbẹ, ó ń sá fún ẹja tútù.
Kí òdòdó ṣẹ́rì tó tún yọ
àwọn olùkọ́ rẹ̀ ti wá mú un lọ,
mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ ọ,
torí bí ará àríwá ṣe ń pe "dúró"
kọ́ ni ará gúúsù ń pè é,
ajá kò sì gbọdọ̀ ṣìnà nítorí ẹnu èèyàn.
"Gúùdù!" ni ìyìn rẹ̀.
Ó tó o. Kò béèrè ẹran.

Kuramochi Orie, tó ń fi àtàǹpàkò tú iṣan ẹ̀yìn àwọn apẹja,
ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́.
Ìlú ti to òkúta oníkókó sójú ọ̀nà
kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè máa kà á bí ìwé,
ṣùgbọ́n láti oṣù Kejìlá, yìnyín a pa ìwé náà dé.
Obìnrin náà a ní,
"Ọ̀nà lójú. Èmi ni kò ní."
Genmai a bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀,
ìjánu a dún kẹ́kẹ́,
ọ̀nà àti obìnrin a bẹ̀rẹ̀ sí í ríra wọn.

Lọ́jọ́ kan, ní ìkóríta ilé ìfìwéránṣẹ́,
ó ní kí ajá máa lọ. Ajá dúró.
Ó tún pàṣẹ. Ajá dábùú ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ilẹ̀kùn.
Mọ́tò oníná, irú èyí tí kì í pariwo,
ré kọjá níwájú wọn, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá etí kóòtù obìnrin náà.
Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Eléyìí gbọ́. Ó gbọ́ yékéyéké.
Ó gbọ́, ó kọ̀,
kí ẹni tó ń fọn fèrè má baà sọnù.

Ọdún mẹ́jọ.
Ìrẹsì di funfun ní àgbọ̀n.
Nígbà tí ìbàdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn lórí àtẹ̀gùn,
wọ́n bọ́ ìjánu, wọ́n dá a padà fún wa.
Kò sí "wa" mọ́. Èmi nìkan ni.
Mo gbé bàtà òsì ọjọ́sí jáde.
Ó gbóòórùn rẹ̀ títí, ó gbé orí lé e, ó sùn.

Obìnrin náà wọ ọkọ̀ ojú irin wá nígbà ìrúwé,
òun àti ajá tuntun, dúdú, tó ń dán bí epo.
Ìkùukùu ti bo ẹyinjú Genmai nígbà náà.
N kò sọ fún un. Kò sì béèrè. Ó kàn na ọwọ́.
Imú arúgbó rìn lórí àtàǹpàkò yẹn,
ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀,
ó dìde ní ìdajì, lẹ́yìn náà lódidi,
ó wá ẹ̀gbẹ́ òsì lọ.
Ẹnìkan ti wà níbẹ̀.
Ajá dúdú wò ó. Ajá dúdú sún.

Wọ́n jọ rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà mi, láìsí ìjánu,
afọ́jú méjì níwájú,
èmi olójú dákẹ́ lẹ́yìn wọn.
Níbi tí ilẹ̀ pákó ti parí
tí àyè bàtà ti lọ sísàlẹ̀ díẹ̀,
Genmai dúró.
Ó dúró gbọin, kí ẹsẹ̀ obìnrin náà má baà yẹ̀.

"Gúùdù," ohùn ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.
Ìrù lu ilẹ̀kùn mi lẹ́ẹ̀mejì.